Oṣù Mẹ́wàá Pẹ̀lú Ìbọn Omi Alápọ́ǹpù: Agbára Rẹ̀ àti Ibi Tí Ó Ti Bàjẹ́

Nígbà tí Ìtúnu Ààwẹ̀ ọdún 2025 ku ọ̀la ni mo ra ìbọn omi tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí fún ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 9, lọ́wọ́ ìyá kan tí ó pàtẹ ohun ìṣeré ọmọdé sí ìtòsí Post Office ní Ìlọrin. Lẹ́yìn tí a ti nájà títí, 4,500 náírà ni mo san. Ìyá náà ní, “Àlájì, ẹ fọkàn balẹ̀, èyí kì í ṣe ọlọ́jọ́ mẹ́ta o.” Mo fẹ́ mọ̀ bóyá bẹ́ẹ̀ ni, nítorí nínú gbogbo ìbọn omi tí mo ti rà fún àwọn ọmọ nígbà Ìtúnu, kò sí èyí tí ó bá wa dé Iléyá. Láti ọjọ́ kìíní ni mo ti ń kọ ohun tí mo bá rí sílẹ̀.

Àwọ̀ ewé títàn ni ara rẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì pọ́n bí ọsàn. Mo mọ̀ọ́mọ̀ yan àwọ̀ yìí ni. Àwọn dúdú kan wà lórí àtẹ yẹn tí ènìyàn kò lè fi ìyàtọ̀ sáàárín wọn àti ìbọn gidi bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, bí ọ̀rọ̀ ààbò sì ti rí ní Kwara lásìkò yìí, n kò lè fi irú rẹ̀ lé ọmọ mi lọ́wọ́ kí ó gbé e jáde sí títì.

Irú èyí tí a máa ń fa pọ́ǹpù rẹ̀ kí a tó yìn ín ni. Afẹ́fẹ́ ni pọ́ǹpù náà ń kì sínú táǹkì, afẹ́fẹ́ yìí a sì fún pọ̀ mọ́ra lókè omi, títí ọmọ yóò fi fi ìka fa ohun tí a fi ń yìn ín tí ọ̀nà yóò ṣí, tí afẹ́fẹ́ náà yóò sì ti omi jáde. Ẹnjiníà ọmọ Amẹ́ríkà kan tí ó ti bá NASA ṣiṣẹ́, Lonnie Johnson, ni ó ronú kan ìbọn omi alágbára ní ọdún 1982, nígbà tí ó ń dán ẹ̀rọ mìíràn tí ń lo omi wò nínú ilé ìwẹ̀ rẹ̀. Ọdún 1990 ni ìbọn náà dé ọjà, nígbà tí ó sì di ọdún kejì ni wọ́n sọ ọ́ ní Super Soaker. Tiwa kò ní orúkọ ilé iṣẹ́ kankan lára, ṣùgbọ́n agbára afẹ́fẹ́ kan náà ni ó ń lò.

Ohun tí ọ̀pọ̀ òbí kò mọ̀ ni pé kò yẹ kí a rọ omi kún táǹkì náà dé ẹnu, torí pé afẹ́fẹ́ ni ó ṣe é fún pọ̀, omi kò ṣe é fún. Mo fi omi inú ọ̀rá wọn táǹkì yìí, ọ̀rá kan àtààbọ̀ ni ó gbà, ìyẹn sẹ̀ǹtílítà 75. Nígbà tí a rọ gbogbo rẹ̀ sí i, pọ́ǹpù le kankan lẹ́yìn ìgbà 5 péré, omi tú jáde lẹ́ẹ̀kan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kán tótó. Nígbà tí a rọ ọ̀rá kan péré, tí a sì fa pọ́ǹpù ní ìgbà 20, omi náà lọ mítà 7 gbáko lórí téèpù tí mo nà sílẹ̀ ní àgbàlá, ó sì rin ògiri gbingbin. Ní ìyìn kẹta, mítà 4 ni ó lè dé mọ́, àfi kí a tún fa pọ́ǹpù. Agbára yìí tẹ́ mi lọ́rùn, ó tilẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ṣe é ní òfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ ẹnu rẹ̀ sí ojú ọmọ ẹlòmíràn.

Ọ̀rọ̀ àlòpẹ́ ni ó gba ìròyìn jù. Ìbọn náà já bọ́ lórí sìmẹ́ńtì ju bí mo ṣe lè kà lọ, ibi kan ṣoṣo ni ó ti sán, ìyẹn ojú ibi tí wọ́n ti so apá rẹ̀ méjèèjì pọ̀ nítòsí ọwọ́. Iyanrìn ni ọ̀tá rẹ̀ àkọ́kọ́. Omi bohólù ilé wa máa ń gbé iyanrìn wẹ́ẹ́rẹ́wẹ́ wá, kò sì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ihò ẹnu rẹ̀ fi dí, tí omi ń yà sí ẹ̀gbẹ́. Ẹyọ ìgbálẹ̀ kan ni mo fi yọ ọ́, mo rọra ń yí i, nítorí bí ihò yẹn bá fẹ̀ díẹ̀, omi kò ní lè lọ jìnnà mọ́. Láti ìgbà náà, asẹ́ tí ìyá wọn fi ń sẹ́ ògì ni a fi ń sẹ́ omi rẹ̀. A ra asẹ́ mìíràn fún ògì.

Ọyẹ́ ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Ní oṣù Kejìlá, ọmọ náà wá bá mi pé, “Bàbá, ó kàn ń mí ni, kò fẹ́ yìn.” Mo tú pọ́ǹpù náà. Òrùka rọ́bà dúdú kékeré kan wà ní ìdí ọ̀pá rẹ̀, kò tó òrùka ìka ọmọdé. Ó ti gbẹ, ó sán ní ibi méjì, afẹ́fẹ́ sì ń gba ibẹ̀ jáde. Mo ti ṣe àṣìṣe kan ṣáájú: ní oṣù Kẹwàá tí pọ́ǹpù bẹ̀rẹ̀ sí í ha, mo fi Vaseline pa á, òrùka náà sì wú ní ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà títí ọ̀pá náà kò fi fẹ́ lọ kò fẹ́ bọ̀. Mo gbàgbọ́ pé ìyẹn wà lára ohun tí ó tètè bà á jẹ́. Mo mú un lọ bá ẹni tí ń ta ẹ̀yà ara jẹnẹrétọ̀ ní Gáà-Àkànbí, ó wá òrùka tí ó bá a mu láàárín àwọn tirẹ̀, 200 náírà ni ó sì gbà. Omi ọṣẹ díẹ̀ ni mo fi ń mú un yọ̀ báyìí. Ó dùn mí pé àwọn tí ó ṣe ìbọn náà kò fi òrùka kan ṣoṣo kún un nínú páálí rẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ òbí ni yóò jù ú sórí ààtàn nítorí ohun tí kò tó nǹkan yìí.

Oòrùn náà kò mọ níwọ̀n. Ẹ̀gbẹ́ tí ó kọ sí oòrùn lórí fèrèsé ti ṣá, bí mo bá sì tẹ ibẹ̀, ó ń dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ bí ìgbà tí ike fẹ́ fọ́. Inú ilé ni a ń fi í kọ́ báyìí, lẹ́yìn tí a bá ti da omi inú rẹ̀ nù tán, nítorí omi tí ó sùn nínú táǹkì náà fún ọ̀sẹ̀ kan ti di aláwọ̀ ewé, ó sì ń rùn.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún 5, ní irú èyí tí a kàn ń ki ẹnu rẹ̀ bọ omi, tí a fà á sẹ́yìn, tí a sì tì í síwájú bí abẹ́rẹ́ dókítà. Mítà 3 sí 4 ni tirẹ̀ ń lọ. Kò ní táǹkì, afẹ́fẹ́ kankan kò sí nínú rẹ̀ tí yóò jò, 1,200 náírà ni mo sì rà á. Títí di òní, n kò tíì fọwọ́ kàn án láti tún un ṣe. Fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 7, òun ni mo máa rà.

Ẹni tí ó bá fẹ́ ra alápọ́ǹpù, kí ó dán an wò lórí àtẹ láìsí omi nínú rẹ̀: kí ó fa pọ́ǹpù ní ìgbà 10, kí ó dákẹ́ díẹ̀, kí ó tó yìn ín. Bí afẹ́fẹ́ bá tú jáde pẹ̀lú ariwo fùú, òrùka inú rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Mẹ́ta ni mo yẹ̀ wò lọ́jọ́ náà, ọ̀kan nínú wọn kò dún rárá, kò sì sí ohun tí a lè fi ojú lásán rí lára rẹ̀ tí ó yàtọ̀ sí ti àwọn yòókù.