Ìkìlọ̀: Ẹ̀yin tó fẹ́ ra Honda àtijọ́ ní Òṣogbo, ẹ wo abẹ́ ọ̀dà kí ẹ tó kawó

Ẹ̀yin ará Òṣogbo, àti ẹ̀yin tó ń bọ̀ wálé fún ọdún Ọ̀ṣun lóṣù Kẹjọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí kí ẹ tó fi owó ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni nítorí alùpùpù àtijọ́. Ọkùnrin kan wà nígboro yìí tó ń ta Honda ayé ọjọ́un tí wọ́n ti kùn lọ́dà. "Èyí tí a ti tún ṣe tán" ló ń pe òmíràn, "èyí tó kù díẹ̀ kó pé" ló ń pe òmíràn. Mi ò lè dárúkọ rẹ̀ fún yín, torí orúkọ tó sọ fún Táyé kọ́ ló ń sọ fún Kẹ́hìndé, ó ń pààrọ̀ nọ́ńbà fóònù, kì í sì í dúró lójú kan. Ìwà rẹ̀ ni kí ẹ fi dá a mọ̀, ìyẹn ni mo ṣe ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Mẹkáníìkì alùpùpù ni mí, àwọn tó ti pẹ́ ni mo sì fẹ́ràn láti máa tún ṣe jù. Àwọn tó rajà lọ́wọ́ ọkùnrin yìí ló ń gbé e wá bá mi lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ohun tó ń bí mi nínú jù ni irú ẹni tó ń wá kiri. Kì í lọ bá ọlọ́kadà, torí bí ọlọ́kadà bá gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì náà lẹ́ẹ̀kan, á kọjá lọ ni. Àwọn tí bàbá wọn gun Honda nígbà tí wọ́n ṣì kéré ló ń dọdẹ: ọmọ tíṣà, ọmọ akọ̀wé kóòtù, ọmọ àwọn tó gba owó Udoji (àjẹsílẹ̀ owó oṣù tí ìjọba san fún òṣìṣẹ́) ní 1975 tí wọ́n fi ra alùpùpù àkọ́kọ́ tí wọ́n ní láyé wọn. Ó mọ̀ pé ohun tó wà lọ́kàn wọn ju ọkọ̀ lásán lọ. Á ní, "Dádì, irú èyí gan-an ni bàbá yín gùn." Bó bá ti rí i pé ojú ẹni náà yí padà, iye owó á fò sókè.

Lẹ́nu àìpẹ́ yìí ni bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà fi píkọ́ọ̀pù gbé Honda CG125 kan wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Pupa ni, ó ń kọ mọ̀nà. Àga tuntun, dígí tuntun, àmì Honda ń dán lára táǹkì. Bàbá ní láti ìgbà tí òun ti gbé e wọlé ni gbogbo ilé ti ń rùn fún bẹntiróòlù, òun ò sì rí ibi tó ti ń jò. Mo mú òòfà kan tí mo yọ lára sípíkà rédíò tó ti bàjẹ́, mo gbé e lé ẹ̀gbẹ́ táǹkì lápá òsì. Ó já bọ́. Mo gbé e sókè díẹ̀, ó lẹ̀ mọ́ ọn. Mo mú un wá sísàlẹ̀, ó tún já bọ́. Bàbá ń wò mí, wọn ò sọ̀rọ̀.

Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ wọn kí n tó fi ọ̀bẹ ha á. Ọ̀dà pupa ló kọ́kọ́ ṣí, lẹ́yìn náà ni body filler, ohun tí wọ́n fi ń dí ihò ara ọkọ̀, tí òòfà kì í lẹ̀ mọ́. Ó nípọn tó ìka mi tó kéré jù, ó sì ti ń rọ̀, torí bẹntiróòlù ti ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Nígbà tí mo hú u kúrò tán, ihò tí ìdógùn-ún ti jẹ sínú irin náà gba orí ìka. Táǹkì epo mà nìyẹn, tó wà láàárín itan ẹni, lórí ẹ́ńjìnnì tó ń gbóná!

Mo ní, "Bàbá, ẹ dákun, ṣé ẹ ti gùn ún jáde?"

Wọ́n ní, "Mo ti gùn ún dé Ọjà Ọba."

Mo ní kí wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Lẹ́yìn ìyẹn la wo nọ́ńbà. Lára CG125 àtijọ́ tó jẹ́ ojúlówó láti Japan, wọ́n tẹ nọ́ńbà fíréèmù sí ọrùn rẹ̀, níbi tí hándù ti wọ inú ẹ̀, CG125 ló sì fi bẹ̀rẹ̀. Nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì wà nísàlẹ̀ lápá òsì, CG125E ló fi bẹ̀rẹ̀. Lára ti bàbá yìí, wọ́n ti fi ẹ̀rọ fá ọrùn fíréèmù. Ojú ibẹ̀ ti tẹ́, ipa ìfá sì hàn lábẹ́ ọ̀dà. Nọ́ńbà tí wọ́n wá tẹ̀ sí i kò tò dọ́gba, ọ̀kan ga, ọ̀kan tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ohun tó wà lára ẹ́ńjìnnì ní tirẹ̀ ni 156FMI. Bàbá ní, "Ó ní láti Japan ni." Rárá o. Àmì tí àwọn iléeṣẹ́ Ṣáínà ń lò fún ẹ́ńjìnnì 125 tí wọ́n ṣe ní àwòkọ CG nìyẹn. Bí ẹ bá rí 162FMJ, ti 150 nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ tó wà níbẹ̀. Ẹ́ńjìnnì Ṣáínà yìí kì í ṣe nǹkan burúkú. Láti 1976 tí Honda ti gbé CG125 jáde ló ti jẹ́ ẹ́ńjìnnì tí kò le láti tún ṣe: ọ̀pá ló ń ti fáálù rẹ̀, kò ní ṣéènì kankan tó ń gòkè lọ sórí. Ìdí nìyẹn tí Ṣáínà fi ṣe àwòkọ rẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀, tí ẹ̀yà ara rẹ̀ fi wà ní ọjà dòní. Ẹni tó bá fẹ́ ọkọ̀ tí yóò máa gbé e lọ sóko lè ra èyí tó ní irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀, kó sì gbádùn rẹ̀. Àmọ́ kí wọ́n gba owó ojúlówó Honda lọ́wọ́ èèyàn, kí wọ́n sì gbé àwòkọ lé e lọ́wọ́, olè ni. Fíréèmù tí wọ́n fá nọ́ńbà rẹ̀ kúrò tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọkọ̀ tí wọ́n jí, ẹni tí ọlọ́pàá bá sì bá a lọ́wọ́ rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ rojọ́.

Bí ẹ bá ń bi mí pé báwo lèèyàn ṣe ń mọ̀ bóyá alùpùpù àtijọ́ kan tó ohun tí à ń ná owó àtúnṣe lé lórí, ìdáhùn mi ni pé ohun mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ pé: fíréèmù tí kò sán tí nọ́ńbà rẹ̀ sì wà bó ṣe wà, ìkòkò ẹ́ńjìnnì tí kò fọ́, àti ìwé ọkọ̀. Gbogbo nǹkan yòókù ni owó lè rà. Àga ya? Wọ́n á rán an. Wáyà ti jóná? Wọ́n á wá òmíràn. Kódà kí pístìnnì ti lẹ̀ mọ́ inú sílíńdà, ìyẹn ṣì lójútùú. Ọkọ̀ tó dọ̀tí, tó dógùn-ún lára, tí adìyẹ ti ń sùn lé, àmọ́ tí ohun mẹ́ta yìí pé lára rẹ̀, ó dára ju èyí tí ọkùnrin yìí ń kùn ní pupa lọ. Bí mo bá rí ọ̀dà tuntun lára alùpùpù tí wọ́n sọ pé ó ti lé ní ogójì ọdún, ohun tí mo kọ́kọ́ ń bi ara mi ni pé kí ni wọ́n fi bò mọ́lẹ̀. Ẹ ní kí ó fi fọ́tò ọkọ̀ náà hàn yín bó ṣe wà kó tó kùn ún. Ẹni tó ṣiṣẹ́ òtítọ́ á ní in, inú rẹ̀ á sì dùn láti fi hàn.

Ó ní ọgbọ́n kan tó ń dá tí gbogbo èèyàn ń kó sí. Bí ẹ bá pè é pé ẹ ti ń bọ̀, á taná sí i sílẹ̀ kí ẹ tó dé, ẹ́ńjìnnì á ti gbóná. Ẹ́ńjìnnì tó ti gbóná lè jí ní kíkì kan ṣoṣo, kó sì bo àlébù tó pọ̀ mọ́lẹ̀. Nítorí náà, kí ẹ tó kí i tán, ẹ ti gbé ẹ̀yìn ọwọ́ súnmọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì. Bó bá gbóná, ẹ ní ẹ máa jókòó dè é kó tutù. Bó bá ní òun ń kánjú, ẹ máa lọ sílé yín.

Bó bá tutù tán, ẹ jẹ́ kí ó ta á lójú yín, kí ẹ wá dúró sẹ́yìn sàlẹ́ńsà. Bí èéfín tó ní àwọ̀ búlúù bá tú jáde nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, tó sì lọ lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, apá ibi fáálù ni ẹjọ́ wà, ìyẹn ò le jù. Bó bá ń rú búlúù ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ti fún un níná, rìǹgì àti sílíńdà ti jẹ. (Suzuki AX100 àti Yamaha RX100 ò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí o. Àwọn yẹn ń jó ọ́ìlì pọ̀ mọ́ epo ni, èéfín jẹ́ àṣà wọn.) Lára CG, ẹ bi í léèrè ìgbà tí wọ́n ti ríbóò sílíńdà rẹ̀ rí, ìyẹn ni kí wọ́n fá inú rẹ̀ kó fẹ̀ sí i fún pístìnnì tó tóbi jù. Ìwọ̀n tó bá a jáde láti iléeṣẹ́ ni mìlímítà 56.5. Pístìnnì tó tóbi jù ú lọ wà ní 0.25, 0.50, 0.75 àti 1.00. Bí ó bá ti wọ 1.00, kò sí ibi tó tún ń lọ àfi kí wọ́n fi sílíìfù (ẹ̀wù irin) tuntun sínú rẹ̀, ẹ fi owó ìyẹn kún ìṣirò yín kí ẹ tó dúnàá dúrà.

Ọ́ìlì ńkọ́? Ẹ yọ ìdérí ibi tí wọ́n ti ń da ọ́ìlì sí i lápá ọ̀tún, irin ìwọ̀n wà lára rẹ̀. Ẹ fi ìka méjì ra ọ́ìlì náà wò. Bó bá ki tó ń fà bí ọbẹ̀ ilá, ọ́ìlì gíà ni wọ́n dà sí i kí ìró kíráńkì má baà hàn, kí èéfín sì dín kù. Èyí wọ́pọ̀ lára ọjà tirẹ̀. Bó bá funfun, omi ti wọ inú rẹ̀. Bí ẹ bá rí ohun tó ń dán wínníwínní nínú rẹ̀, irin ti ń lọ irin níbẹ̀, ẹ dá ìdérí padà, kí ẹ dágbére.

Ẹ mú òòfà dání bí mo ti ṣe, ẹ fi wo táǹkì yíká. Ẹ ṣí táǹkì, kí ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo inú rẹ̀. Ẹ gbé àga sókè, ẹ wo ibi tí wọ́n ti jó irin pọ̀ lábẹ́ rẹ̀ àti ní ọrùn fíréèmù. Ojú ìjó ti iléeṣẹ́ tò, ó dọ́gba. Ti wẹ́dà ẹ̀bá ọ̀nà máa ń rí gúdugùdu, wọ́n á sì kun ọ̀dà ibẹ̀ nípọn ju ti ibòmíràn lọ. Ọrùn tí wọ́n jó báyìí lè já lójú títì, kí ẹni tó ń gùn ún wà lábẹ́ ọkọ̀ ẹlòmíràn.

Ní ti ìwé, ìtàn tó máa ń sọ ni pé ẹni tó ni ín ti kú, àwọn mọ̀lẹ́bí ló gbé e fún òun. Ó lè jẹ́ òótọ́. Bó bá jẹ́ òótọ́, kí ó mú yín lọ bá ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà, kí onítọ̀hún fọwọ́ sí i, kí ẹ sì gba ìwé ìbúra ilé ẹjọ́ tí ẹ lè mú lọ sí ọ́fíìsì ìwé ọkọ̀ láti yí orúkọ padà. Ẹ fi nọ́ńbà inú ìwé wé ti ara fíréèmù, lẹ́tà kan tẹ̀ lé èkejì.

Ó ku àwọn tí ò ra nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀, àmọ́ tí wọ́n gbé Honda bàbá wọn fún un kó bá wọn tún un ṣe. Ìyẹn ló dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀. Á gba àsansílẹ̀, ọkọ̀ á pẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, nígbà tó bá sì fi máa padà wálé, kábúrétọ̀ tó bá a wá láti Japan ti lọ, sàlẹ́ńsà ti lọ, iná iwájú ti lọ, ti Ṣáínà tuntun ló wà nípò wọn. Ẹni tí ò mọ̀ á máa dúpẹ́ pé ohun tuntun ni wọ́n fi sí i. Ẹ ya fọ́tò gbogbo ẹ̀yà ara rẹ̀ kí ó tó kúrò nílé, títí kan nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì. Ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀ pé gbogbo ohun tí wọ́n bá yọ, kí wọ́n kó o sínú àpò kí wọ́n dá a padà, bó tilẹ̀ ti bàjẹ́. Owó iṣẹ́, ẹ máa san án díẹ̀díẹ̀ bí iṣẹ́ bá ṣe ń hàn.

Ẹ̀yin tí ẹ ti rà á, ẹ má gùn ún mọ́ títí ẹnì kan tó mọ iṣẹ́ á fi wo táǹkì àti ọrùn fíréèmù rẹ̀. Bí ẹ bá ń gbóòórùn bẹntiróòlù, ẹ fa epo inú rẹ̀ jáde lónìí, ẹ má gbé e sínú yàrá tí iná tàbí jẹnẹrétọ̀ wà. Ẹ má pa ọ̀rọ̀ tí ẹ̀yin pẹ̀lú rẹ̀ jọ kọ lórí WhatsApp rẹ́, ẹ tọ́jú rìsíìtì àti ẹ̀rí owó tí ẹ fi ránṣẹ́, kí ẹ kó gbogbo rẹ̀ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Bó bá sì jẹ́ pé nọ́ńbà fíréèmù ni wọ́n fá, ẹ lọ kí wọ́n tó wá bá yín, ẹ má ṣe tà á fún ẹlòmíràn láti fi gba owó yín padà.