Mo sanwó kí n lè wo Okocha láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin

Àríyànjiyàn èmi àti àbúrò mi ọkùnrin ló gbé mi dé orí ìkànnì kan tó ń fi ìdíje bọ́ọ̀lù àtijọ́ hàn. Ó ní bí Jay-Jay Okocha bá jẹ́ ọmọ ogún ọdún lónìí, kò sí akọ́nimọ̀ọ́gbá ńlá tó máa lò ó, orí bẹ́ǹṣì ni yóò máa jókòó sí. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Àmọ́ nígbà tí mo fẹ́ fèsì, mo rí i pé fídíò ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta ni gbogbo ohun tí mo lè tọ́ka sí: díríbù, díríbù, gòlù. Ohun kan náà ni òun náà ń wò. À ń jà lórí ẹni tí àwa méjèèjì kò tíì fara balẹ̀ wò.

Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni ìkànnì náà ń ṣe. Bí o bá ti san owó oṣù, wàá rí odindi ìdíje àtijọ́ wò, láti fèrè àkọ́kọ́ títí dé ìgbẹ̀yìn. O lè fi orúkọ agbábọ́ọ̀lù wá ìdíje, o lè mú kí àwòrán rọra máa lọ, o sì lè pa ohùn ẹni tó ń ròyìn kí ariwo òǹwòran nìkan ṣẹ́kù. Èyí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀. Tí kò bá sí ẹni tó ń pariwo orúkọ ẹni tí bọ́ọ̀lù wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ojú rẹ á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ síbi tí bọ́ọ̀lù kò sí.

Nàìjíríà àti Sípéènì ni mo kọ́kọ́ wò, Ife Àgbáyé ọdún 1998 ní ìlú Nantes, tí a nà wọ́n ní 3-2. Gbogbo ayé ló rántí ìbọn tí Sunday Oliseh yìn wọlé. Mo wò ó lẹ́ẹ̀mejì, Okocha nìkan ni mo sì tẹ ojú mọ́.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo rí gbe àbúrò mi. Bí bọ́ọ̀lù bá wà lọ́dọ̀ Sípéènì, Okocha máa ń rìn. Lóde òní, akọ́nimọ̀ọ́gbá fẹ́ kí ẹni tó bá wọ nọ́ńbà 10 wà lára àwọn tí yóò kọ́kọ́ há alátakò mọ́. Wọn ò ní gba irú ìrìn yẹn fún odindi àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú.

Ṣùgbọ́n nígbà tí bọ́ọ̀lù bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ńkọ́? Ẹnì kan ti wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń mí sí i lọ́rùn, òun ò sì kánjú. Á fi àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ bọ́ọ̀lù, á jẹ́ kí ẹni náà sún mọ́ ọn dáadáa, kí ó tó yí kúrò níbẹ̀. Fídíò kúkúrú kì í fi èyí hàn, torí kì í bí gòlù. Ohun tó ń bí ni àyè: àwọn ará ẹgbẹ́ rẹ̀ á rí ibi sá sí. Lónìí, nígbà tí ẹgbẹ́ kan bá fẹ́ há yín mọ́, oníkálukú wọn ló máa mú ẹnì kan. Ẹni tó bá lè gé ẹni tó mú un ti tú gbogbo ètò wọn ká. Èmi ò mọ ohun tí akọ́nimọ̀ọ́gbá ìsinsìnyí lè máa wá tó ju ìyẹn lọ.

Òfin náà ti yí padà, ó sì yí sí ọ̀nà rẹ̀. Ọdún 1998 gan-an ni wọ́n ní kí rẹfirí fún ẹni tó bá gbá ènìyàn lẹ́sẹ̀ láti ẹ̀yìn, lọ́nà tó lè ṣe é léṣe, ní káàdì pupa. Agbábọ́ọ̀lù mẹ́ta ni wọ́n sì ń gbà láàyè kí ẹgbẹ́ kan fi rọ́pò nínú ìdíje nígbà náà. Márùn-ún ni báyìí. O lè lo Okocha fún ọgọ́ta ìṣẹ́jú, kí o sì fi ẹlòmíràn tó lè sáré rọ́pò rẹ̀. Èyí ni mo kọ́kọ́ sọ fún àbúrò mi, ó sì dákẹ́ díẹ̀.

Ìdíje wa pẹ̀lú Ítálì ní Ife Àgbáyé 1994 ṣòro fún mi láti wò tán. Gòlù Amunike ti wọlé, wọ́n ti lé Zola ti Ítálì jáde, ìṣẹ́jú méjì péré ló kù kí Baggio tó dá a padà. Lójú mi, gbogbo wa ló di bọ́ọ̀lù mú pẹ́ jù, Okocha, ọmọ ogún ọdún, wà lára wọn. Àwòrán ibẹ̀ kò mọ́ rárá. Nígbà míì nọ́ńbà ẹ̀yìn wọn kò ṣeé kà.

Níbi tí ìkànnì náà ti já mi kulẹ̀ nìyí. Ìdíje Frankfurt, ẹgbẹ́ Okocha ní Jámánì, àti Karlsruhe ọdún 1993, níbi tí Okocha ti fi ẹsẹ̀ da gólì Oliver Kahn àti àwọn tó wà níwájú rẹ̀ láàmú kó tó jẹ gòlù, àgékúrú rẹ̀ nìkan ló wà. Ti Bolton, ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò sí rárá! Ibẹ̀ ni ìdáhùn wà jù, ọdún mẹ́rin, 2002 sí 2006, lábẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá Sam Allardyce, nínú líìgì tí wọ́n ti ń fi ara kọlu ara. Ó di ọ̀gá ẹgbẹ́, ó gbá fíríkíìkì méjì wọlé Aston Villa nínú ìdíje tó gbé wọn lọ sí àṣekágbá League Cup ọdún 2004. Mo kọ̀wé sí wọn, wọ́n ní àwọn ò ní ẹ̀tọ́ sí i.

Bí fídíò kúkúrú bá tó ọ, má sanwó. Bí o bá ní àríyànjiyàn tí o fẹ́ parí, san án. Èrò tèmi ni pé Okocha á gbá bọ́ọ̀lù lónìí, àmọ́ apá òsì níwájú ni wọ́n máa fi í sí, wọn ò sì ní jẹ́ kó gé ẹnikẹ́ni nítòsí ojú ilé ẹgbẹ́ tirẹ̀.

Mo ti san ti oṣù kẹta. Ìdíje Òlíḿpíìkì 1996 pẹ̀lú Bràsíl ló kàn, 4-3, èyí tí Okocha pàdánù pẹ́nárítì nígbà tí a ṣì wà lẹ́yìn ní 3-1. Àbúrò mi ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. A fẹ́ wo bó ṣe rìn lẹ́yìn pẹ́nárítì yẹn.