Guernica àti fídíò Kassel: èwo ló dé ọ̀dọ̀ ìjọba jù?

Bàálù Jámánì àti ti Ítálì ju bọ́ǹbù sí ìlú Guernica ní Sípéènì lóṣù kẹrin ọdún 1937. Ọdún yẹn náà ni Picasso, ayàwòrán ọmọ Sípéènì, fi ọ̀dà dúdú, funfun àti aláwọ̀ eérú ya ìparun náà sórí kánfáàsì tó fẹ̀ ju mítà méje lọ; Guernica náà ló pè é. Kò ya bàálù kankan. Ẹṣin tó ń ké, ìyá tó gbé òkú ọmọ lọ́wọ́: ìyẹn ló jẹ́ kó bá ogun gbogbo mu. Ní 2003, nígbà tí Amẹ́ríkà ń ṣàlàyé ọ̀rọ̀ Ìráàkì ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, wọ́n fi aṣọ bo ẹ̀dà rẹ̀ tí wọ́n fi òwú hun, tó wà lára ògiri níbẹ̀. Ta ló ń bo ọ̀ṣọ́ ògiri lásán?

Ti Forensic Architecture, ẹgbẹ́ olùṣèwádìí kan ní London, yàtọ̀. Àwọn apànìyàn yìnbọn pa Halit Yozgat, ẹni ọdún 21, nílé íntánẹ́ẹ̀tì kan ní Kassel, Jámánì, ní 2006. Òṣìṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba kan wà nínú ilé náà. Ó ní òun ò gbọ́ ìbọn, òun ò rí òkú. Ẹgbẹ́ yìí kọ́ yàrá náà sílẹ̀ ní ìwọ̀n rẹ̀ gan-an, wọ́n yẹ ìró ìbọn wò, wọ́n tún ìrìn ọkùnrin náà rìn, wọ́n sì fi fídíò rẹ̀ hàn ní documenta, ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà ńlá kan, ní Kassel kan náà, ní 2017.

Bí ẹjọ́ bá wà nílẹ̀, fídíò ni mo máa mú, torí ó ń bi ẹnì kan pàtó ní ìbéèrè. Àmọ́ ẹni tí kò mọ ẹjọ́ náà á nílò àlàyé. Guernica ò nílò ọ̀kan.