Ẹ má san kọ́bọ̀ lórí L-5 tó ń dán yẹn

Ẹ̀yin èèyàn mi tí ẹ ń wá bàálù ogun àtijọ́ rà ní Amẹ́ríkà níbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná. Mo san $15,000 àsansílẹ̀ lórí Stinson L-5 kan, owó ọ̀hún sì ti wọgbó.

Ọkùnrin tó ń tà á ní òun ti tún un ṣe láti imú dé ìrù. Ó tún ní bàálù náà gan-an ló gbé àwọn tó fara gbọgbẹ́ nínú ogun Bọ́mà. Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú mi lọ́kàn, torí lọ́dún 1944, irú L-5 yìí ń kó àwọn ọmọ ogun Chindit, ìyẹn ẹgbẹ́ ológun ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó ń jà lẹ́yìn ìlà àwọn ará Japan, tó bá gbọgbẹ́ jáde nínú igbó, àwọn ọmọ Nàìjíríà sì wà lára wọn. Ó ní ẹlòmíì ti fẹ́ gbé e, ni mo bá yára fowó ránṣẹ́ kí n tó lọ wò ó.

Nígbà tá a débẹ̀, mẹkáníìkì mi fi ẹnu súkúdíráfà gún páìpù irin tó wà nísàlẹ̀ ìdí ìrù. Ó wọlé ṣọọ̀! Ìpẹtà pupa ń dà sílẹ̀ bí iyanrìn. Tí bàálù yìí bá dúró, ìrù rẹ̀ ló ń rẹlẹ̀, ibẹ̀ lomi sì ń ṣàn lọ.

Apá rẹ̀ tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Igi ni egungun apá L-5, aṣọ ni wọ́n fi ń bò ó. Aṣọ tuntun ni ọkùnrin yìí dà bo igi tó ti jẹrà. A la ojú ihò kékeré kan lábẹ́ apá òsì, mo ki ìka bọ̀ ọ́, egungun kan sì ṣí kúrò lára igi tó gbé apá dúró, torí gúlúù rẹ̀ ti kú.

Nọ́ńbà ìdánimọ̀ tó wà lára àwo irin inú rẹ̀ kò bá èyí tó wà nínú fáìlì FAA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọkọ̀ òfuurufú ní Amẹ́ríkà, mu. Wọ́n máa ń yọ àwo yìí lára bàálù tó ti fọ́, kí wọ́n kàn án mọ́ òmíràn. Òfin ò gbà á. Ẹ kọ̀wé sí FAA ní Oklahoma City fún fáìlì bàálù kí ẹ tó sanwó. Tí wọ́n bá tún apá rẹ̀ ṣe lóòótọ́, Form 337, ìwé tí wọ́n fi ń ṣàkọsílẹ̀ àtúnṣe ńlá, gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Nínú tèmi, kò sí ìkankan.

Ó ti tún gbé e síta o, ó ti kun ún ní ọ̀dà míì, ó sì ti dín owó rẹ̀ kù. Ẹ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ apá òsì: ó ti fi aṣọ onígun mẹ́rin kan lẹ ojú ihò tá a là pa.