Ọ̀dà sílíkónì tí mo kùn sára páìpù èéfín jẹnẹrétọ̀ wa, oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà

Apapa ni iléeṣẹ́ tí mo ti ń tún ẹ̀rọ ṣe wà. Atẹ́gùn òkun ibẹ̀ kì í jẹ́ kí irin sinmi. Ọ̀dà epóksì ni wọ́n kọ́kọ́ kùn sára páìpù èéfín jẹnẹrétọ̀ ńlá wa. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tó fi dúdú, tó ń ṣí bí èèpo àlùbọ́sà. Kò yà mí lẹ́nu. Bí ooru bá ti kọjá nǹkan bí 120°C, agbára epóksì ti pin nìyẹn, bẹ́ẹ̀ èéfín ẹ́ńjìnnì dísù tó ń ru ẹrù máa ń lé ní 400.

Mo wá ra ti sílíkónì tó ní ìyẹ̀fun alumíníọ́mù nínú. 600°C ni wọ́n kọ sára agolo. Ọ̀gá wa ní ká kàn fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ìpẹtà kúrò. Mo ní rárá o. A háyà kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀, a fọ́n yanrìn sí i títí irin fi funfun, a sì kùn ún kí ọ̀sán tó pọ́n. Níbi tí a wà yìí, bẹ́ẹ bá fi í di alẹ́, ìpẹtà tuntun ti yọ.

Ọmọ iṣẹ́ mi ló fẹ́ bà á jẹ́. “Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kó ki dáadáa kó lè pẹ́.” Ibi tó ki yẹn, níbi tí páìpù ti ṣẹ́ kọ́ná, lé bí awọ ara tí omi gbígbóná dà sí lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí a tan iná. Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n ń kùn ún: nǹkan bíi máíkírọ́ọ̀nù 25 lẹ́ẹ̀kan; irun orí nípọn jù ú lọ. A ha á dànù, a tún un kùn.

Lápá ibi ẹ́ńjìnnì, ó ṣì ń dán bí ọjọ́ tí a kùn ún. Ìlàjì òkè ni ẹjọ́ wà. Bí mo bá fi ìka nù ún, fàdákà ń bá ìka mi lọ. Ọ̀dà yìí kì í gan tán àfi tí irin bá gbóná tó nǹkan bí 200°C, òkè kì í sì í dé bẹ̀. Bí a bá pa jẹnẹrétọ̀ lálẹ́, ìrì á pò mọ́ sọ́fúrì inú èédú èéfín, á di ásíìdì. Ẹni tó tà á fún mi kò sọ èyí.

Mo máa tún un rà fún apá ìsàlẹ̀. Òkè yóò gba ọ̀dà mìíràn tí wọ́n ń pè ní síńkì sílíkéètì, tó ń gan láìsí iná, tó sì ń gbà tó 400°C. Mo ti ra ìbọn tí ń wọn ooru báyìí: 130 ló kà lókè páìpù náà.