Kletskassa: káúńtà tí kò kánjú

Jumbo, súpámákẹ́ẹ̀tì ńlá ní Nẹ́dálándì, ti fìgbà kan ṣèlérí pé oníbàárà tó bá ṣe ipò kẹrin lórí ìlà, tí wọn ò sì tíì ṣí gbogbo káúńtà, ọ̀fẹ́ ni yóò kó ọjà rẹ̀ lọ. Jumbo yìí kan náà ló wá ṣí káúńtà tí wọ́n ń fẹ́ kó falẹ̀. Ìlú Vlijmen ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ní 2019; ní 2021, wọ́n ní àwọn máa gbé e dé ẹ̀ka 200. Kletskassa ni wọ́n ń pè é, ìyẹn káúńtà ìtàkúrọ̀sọ. Àwọn àgbà tó ń dá gbé ni wọ́n ní lọ́kàn, àmọ́ kò sẹ́ni tí kò lè tò síbẹ̀.

Káúńtà lásán ni o, iye ọjà kò sì yàtọ̀. Pátákó tí wọ́n kọ Kletskassa sí ló ń ṣiṣẹ́. Ní káúńtà yòókù, bí ìyá àgbà bá ń wá ṣéńjì nínú pọ́ọ̀sì, tó tún ń sọ bí orúnkún ṣe ń dùn ún, ẹni ẹ̀yìn rẹ̀ á pòṣé. Níbí, ẹni ẹ̀yìn ti mọ̀ kó tó tò. Sùúrù ẹni ẹ̀yìn yẹn gan-an ni ohun tí wọ́n ń fún yín. Nílé ìtajà tí iye ti wà lára ọjà, kò sí "èló ni?", kò sí "kò gbà", bí ẹ̀rọ bá ti dún pìì, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ẹ̀rọ tí oníbàárà fi ń ṣírò ọjà fúnra rẹ̀ tún wá gba "ẹ káàárọ̀" tó ṣẹ́ kù.

Orúkọ yẹn náà bọ́gbọ́n mu. Ká ní "káúńtà àwọn tí kò lẹ́ni" ni wọ́n kọ síbẹ̀, ta ni yóò tò síbẹ̀ lójú aládùúgbò?

Òṣìṣẹ́ tó bá fẹ́ràn ọ̀rọ̀ sísọ ló ń jókòó síbẹ̀. Bí wọ́n bá ń pààrọ̀ wọn lójoojúmọ́, ọ̀rọ̀ òjò àti otútù náà ni wọn yóò máa tún sọ. Ẹni tó mojú yín ló lè bi yín pé ibo lẹ wà láti ọjọ́ Tuesday. Bí káúńtà tó ṣí kò bá sì pọ̀, àwọn tó ń kánjú á ya síbẹ̀, òṣé á tún bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ẹsẹ̀ kò jẹ́ kó jáde nílé kò rí nǹkan kan gbà nínú ẹ̀.

Ẹ lọ láàárín òwúrọ̀, kí àwọn tó lọ síbi iṣẹ́ tó ṣíwọ́ wá rajà. Apẹ̀rẹ̀ kékeré ni kẹ́ ẹ gbé, kẹ́ ẹ lè rídìí padà wá. Bí ọ̀rọ̀ bá gùn ju ti káúńtà lọ, àwọn ẹ̀ka kan ní igun kọfí tí àwọn ará àdúgbò ti ń jókòó. Ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó sanwó.