Mo lọ sí Lekki Conservation Centre, ẹ má lọ wá kìnnìún níbẹ̀ o

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́: ibí yìí kì í ṣe súù. Èmi, àbúrò mi obìnrin àti ọmọ rẹ̀ la jọ lọ ní Sátidé, ọmọ náà ti ń bú ramúramù bíi kìnnìún láti inú mọ́tò, ìgbà tá a débẹ̀ tí kò rí kéèjì kankan, ó fajú ro. Igbó ni, igbó gidi, hẹ́kítà 78, ó dojú kọ Chevron lójú ọ̀nà Lekki sí Ẹ̀pẹ́, àjọ Nigerian Conservation Foundation (NCF) ló dá a sílẹ̀ ní 1990. Ẹranko tó bá wù ló máa jẹ́ kẹ́ ẹ rí òun.

Ọ̀bọ ló kọ́kọ́ yọ sí wa. Mona ni wọ́n ń pè wọ́n, ẹ̀yìn wọn pọ́n rẹ́súrẹ́sú, funfun méjì wà nídìí wọn lọ́tùn-ún lósì bí ìgbà téèyàn fẹfun tọ́ wọn. Wọ́n ti kìlọ̀ fún wa nípa oúnjẹ o, etí mi ni ò gbọ́, mo gbé sọ́séèjì sínú ọ̀rá mo wá ń fì í lọ fì í bọ̀. Kí n tó ṣẹ́jú, ọ̀kan ti já a gbà, ó dórí igi, ó bó o bí èèyàn, ó ń jẹ ẹ́ ó ń wò mí lójú kòrókòró. Ọmọ yẹn rẹ́rìn-ín títí ó fi gbàgbé kìnnìún.

Afárá orí igi wọn ńkọ́? Mítà 401, láti 2015 ló ti wà, owó ẹ̀ ọ̀tọ̀ sí owó ìwọlé. Ó ń mì! Mo dé àárín, orúnkún mi yẹ̀, àbúrò mi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ látẹ̀yìn. Ẹ wọ bàtà tó di ẹsẹ̀ mú, ẹ má wọ sílípáàsì.

Ibi tọ́rọ̀ ti wọ̀ mí lára ni ìgbà tí mo bi bọ̀dá tó ń mú wa kiri pé ṣé wọ́n ń rí igún. Ó ní ó ti ṣọ̀wọ́n. Mo wá rántí Bódìjà nígbà tá a wà ní kékeré, igún á tò sórí páànù ibi tí wọ́n ti ń pa màlúù bí ẹni tó ń dúró gba sálárì, gbogbo ìfun tó bá ṣẹ́kù àwọn ni wọ́n máa palẹ̀ ẹ̀ mọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí ọ̀kan. Láti 2015 ni IUCN, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìdáàbòbò ẹranko àti igbó, ti kà á mọ́ àwọn tó kù díẹ̀ kí wọ́n run pátápátá. Májèlé ń pa wọ́n, àwa náà ń pa wọ́n torí oògùn, ẹ sì wò ó, àwa yìí kan náà la ń sọ pé a kì í pa igún, a kì í jẹ igún, a kì í figún bọrí! Ta ló wá ń ra orí igún lọ́jà? Bọ̀dá yẹn ní NCF ti ń bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ sọ̀rọ̀ kí wọ́n máa fi ewé rọ́pò ẹ̀. Inú mi dùn sí ìyẹn ju afárá lọ.

Mo máa padà lọ, àárọ̀ kùtù ni màá lọ lọ́jọ́ iṣẹ́, torí ariwo èrò Sátidé máa ń lé ẹranko sá. Ọmọ yẹn ti ní kí n ra sọ́séèjì méjì, tòun ọ̀kan, tọ̀bọ ọ̀kan. Mo ní wọn kì í fún wọn lóúnjẹ níbẹ̀. Ó ní, "Àǹtí, ṣebí ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ fún un."